Orúkọ Tí Àwọn Táǹkì Ń Pè

Igbodigo,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ìyádùnní,

Mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ náà, bí ó bá ṣì rántí pé òun ní àna. Ara mi le, àfi ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ní kí n yé bínú. Kò mọ̀ pé mo lọ́mọ ní Kánádà.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé bí a bá bára wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, èmi náà á sì pa fóònù mọ́ ọ létí. Ìwé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni. Ilé ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní Okitipupa ni wọn yóò ti bá mi fi í ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti bá mi tẹ èsì rẹ jáde. Bí o bá máa kọ, kọ ohun tó nítumọ̀. N kò ní máa gun ọ̀kadà lọ sí Okitipupa nítorí ìlà méjì.

Ẹ̀rọ rẹ ti jó ènìyàn. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá, epo inú táǹkì kẹta hó, ó ru, ó sì dà lé Judith lápá ọ̀tún, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Fèrè tí o ní yóò máa ké bí epo bá ti gbóná jù kò ké. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ná, tí o ní yóò máa pa ara rẹ̀, kò pa ara rẹ̀. Gbogbo ohun tí o kó wá sí ilé ìfúnpo mi lọ́dún tó kọjá, tí o fi ọjọ́ mọ́kànlá dúró tì bí ìyá ìkókó, kò wúlò ju páànù lásán lọ lọ́jọ́ náà.

Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń fún epo kí kọ̀ǹpútà rẹ tó dé. Ojú la fi ń wo epo. Bí iná bá pọ̀, a ó fa igi yọ. Kò sẹ́ni tó jóná rí.

N kò sọ pé Judith kò jẹ̀bi. Ó fi táǹkì sílẹ̀, ó lọ dúró ti àwọn tó ń já ẹyìn, ó ń rojọ́. Ìgbà tó sáré padà dé ni epo dà lé e. Ará etí omi ni, ẹja ló mọ̀, kò mọ epo. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ lọ́jọ́ tí o ní òun ni kó máa jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Wá tún ẹ̀rọ rẹ ṣe, tàbí kí o rán ẹni tí yóò wá kó o. Àti pé ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹjọ, ìjọ fi mí jẹ Bàbá Ìjọ. Àwọn ará Àyèká tí n kò mọ̀ rí fa àgbò wá kí mi. Ìwọ kò pè.

Èmi ni bàbá rẹ,
Benedict Oyèbámijí,
Bàbá Ìjọ, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì.


Hamilton,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Aba mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú oyè tuntun. Inú lẹ́tà yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé yẹn.

Lẹ́tà yín gùn, mo sì wá ibi tí ẹ ti sọ bí apá Judith ṣe ń ṣe, n kò rí i. Ẹ sọ bí ó ṣe jóná. Ẹ kò sọ bóyá ó ń sùn lóru, bóyá ẹnikẹ́ni ń bá a ra oògùn. Èmi ti pè é. Ó ní òun kò lè di irun ọmọ òun.

Kò rojọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń já ẹyìn. Ìdí ẹyìn ni mo ní kí ó máa lọ nígbà tí epo bá ń gbóná, nítorí fèrè wà. Ohun tí fèrè wà fún nìyẹn, kí ènìyàn má baà dúró ti iná láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ bíi ti Ìye, ìyá mi, tí èéfín fi ba àyà rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, torí lọ́dún tó kọjá tí mo ń ṣàlàyé, ẹ ń ka ìwé ìròyìn. Nínú kọ̀ǹpútà, táǹkì kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, táàgì là ń pè é. Àwọn táàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ táàgì kan tó jẹ́ òbí wọn. Ọ̀dọ̀ òbí yìí ni mo kọ ìwọ̀n ooru sí, àádọ́rùn-ún, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ kò ní ìwọ̀n tara wọn. Bí epo bá ń gbóná, ọmọ á bi òbí pé mélòó ni òun kò gbọdọ̀ kọjá, òbí á ní àádọ́rùn-ún. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ọmọ á pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ná, á sì fun fèrè. Mo ṣe é báyìí kí ó má baà di pé ẹ ń yí ìwọ̀n níbi mẹ́rin, kí ẹ gbàgbé ọ̀kan.

Bí òbí kò bá dáhùn, ọmọ kì í ké. Kò mọ ohun tí yóò ké sí. Àwọ̀ ewé ni yóò máa fi hàn lójú kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé àlàáfíà wà.

Nítorí náà ìbéèrè kan ni mo ní. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohunkóhun lọ́dọ̀ òbí yẹn kí Ọjọ́bọ̀ náà tó dé? Ohunkóhun, bó ti wù kó kéré mọ. Pásíwọ̀ọ̀dù ibẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣe, ẹ̀yin ni mo sì fún. Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó fèsì.

Ọmọ yín,
Ìyádùnní.


Igbodigo,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ìyádùnní,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Bí o bá jẹ́ ọmọ kíláàsì mi, mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni n bá fún ọ. O kí mi ní ìlà méjì, o sì fi ìyókù bú mi.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣé èmi, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ni n ó dìde lọ máa tẹ kọ̀ǹpútà kiri? Ẹ̀rọ rẹ kò dára, sọ pé kò dára. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí àga rẹ̀ bá wó kì í bi onílé bóyá ó jókòó síbi tí kò tọ́.

O fẹ́ mọ̀ nípa Judith. Mo ti lé e. Ó ń lọ láti ilé dé ilé ní Ode-Irele, ó ń fi apá tó wé han àwọn ènìyàn, ó ń sọ pé òun kò ṣe nǹkan kan, pé èmi ni mo parọ́ mọ́ òun. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìkórè, ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, yóò dúró níwájú gbogbo ìjọ, a ó ka ẹ̀sùn rẹ̀, a ó sì bọ́ sùtánà akọrin lọ́rùn rẹ̀. Bàbá Adésànyà tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fi ahọ́n ba orúkọ àgbà jẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orúkọ lówó lórí.

Nígbà tí a sì ti dé ibi ọ̀rọ̀ orúkọ, jẹ́ kí n bi ọ́ ní tèmi. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni ìwọ wò? Lójú kọ̀ǹpútà rẹ, gàdàgbà gàdàgbà, òbí tí o ń wí yìí, "Benedict" ni o kọ sí i lórí tẹ́lẹ̀. Kò sí Bàbá níwájú rẹ̀, kò sí Ọ̀gbẹ́ni. Irin mẹ́rin wà nísàlẹ̀, o ní ọmọ ni wọ́n, olúkúlùkù sì ń pe Benedict, Benedict, bí ẹni ń pe ajá. Ìyá tó bí mi nìkan ló pè mí bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ti kú láti ọdún 1979.

Má kọ̀wé sí mi mọ́ bí kì í bá ṣe láti sọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà yóò dára.

Èmi ni,
Bàbá Ìjọ B. Oyèbámijí.


Hamilton,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Aba,

Ẹ kú ilé. Mo fún lẹ́tà tiyín ní òdo, nítorí irọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ kò mọ̀. Kọ̀ǹpútà ilé ìfúnpo ní ìwé àkọsílẹ̀. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá yí padà nínú rẹ̀, ó ń kọ ọ́, ẹ̀dà rẹ̀ sì máa ń wá bá mi níbí ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Mo ti ka ti oṣù Kẹjọ kí n tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí yín. Mo bi yín léèrè kí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín kọ òtítọ́. Ẹ kọ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá: orúkọ òbí kúrò ní "Benedict", ó di "Bàbá Ìjọ". Pásíwọ̀ọ̀dù tí wọ́n lò, ti Bàbá.

Ẹyìn ṣì wà lókìtì ní ọjọ́ méjì yẹn, ẹ kò tíì se epo, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó di Ọjọ́bọ̀, tí iná wọlé sábẹ́ táǹkì, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí mo ti kọ́ wọn. Wọ́n pe Benedict. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Benedict níbẹ̀ mọ́. Bàbá Ìjọ jókòó sókè pẹ̀lú àádọ́rùn-ún rẹ̀ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ló yẹ kí wọ́n bi. Wọ́n dákẹ́. Àwọ̀ ewé ló ń hàn nígbà tí epo ń ru.

Mo mọ àwọ̀ ewé yẹn dáadáa, Aba. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń pè yín lórí fóònù, mo ń ní, "Ìye ńkọ́?" Ẹ ń ní ó ti jẹ pùpùrù díẹ̀, ó ń sùn, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ìyá mi ti kú ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú mẹ́sàn-án yẹn. Ẹ ti sin ín. Judith ló pè mí, ó ń sunkún, ó ní òun kò lè gbà kí n máa béèrè ẹni tó wà nínú ilẹ̀. Ṣé nítorí èyí ni ẹ ṣe fẹ́ bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Bí ẹ kò bá dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìkórè, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fi ọwọ́ yín ṣe, n ó fi ìwé àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí Bàbá Adésànyà, kí òun náà kà á sí etí gbogbo wọn.

Ìyádùnní.


Igbodigo,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 2024.

Ìyádùnní,

N kò kí ọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà rẹ fi wà nínú Bíbélì mi kí n tó lè kà á parí. Bí mo bá dé ibi tí o ti fún mi ní òdo, n ó tún ká a.

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni mo yí i. Orúkọ ta ni? Tèmi ni. Ta ni mo fẹ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó tún orúkọ ara mi ṣe? Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú, àwọn àgbà ìjọ wá gbàdúrà sí ilé ìfúnpo fún mi nítorí oyè. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fi omi àdúrà wọ́n ibi gbogbo, wọ́n dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Adésànyà wọ gíláàsì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ó ní, "Àwọn wo ló ń pe Bàbá Ìjọ ní Benedict káàkiri báyìí?" Judith dáhùn pé àwọn ọmọ rẹ̀ ni, ó rò pé àlàyé lòun ń ṣe. Adésànyà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín. Mo kọ́ mẹ́ta nínú wọn ní ìwé kíkà, Ìyádùnní. Mo na Adésànyà fúnra rẹ̀ ní ẹgba nítorí ìrìnkurìn.

N kò sùn mọ́jú. Ní àárọ̀ mo lọ tún un ṣe. Ìwọ kò sọ fún mi pé okùn lorúkọ, pé bí mo bá fà á, ohun kan yóò já níbòmíràn. O ní mo ń ka ìwé ìròyìn. Ìwọ ló yẹ kó gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ mi.

Ní ti ìyá rẹ, n kò rò pé n ó kọ ọ́ sínú ìwé láé. Salome ló bẹ̀ mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí èémí rẹ̀ ti kúrú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bí ọmọ yìí bá gbọ́, yóò wá, wọn kò sì tíì fún un níwèé ìgbélùú níbẹ̀. Bó bá jáde, wọn kò ní gbà á wọlé mọ́. Má sọ fún un títí ẹ ó fi sin mí." Mo ṣèlérí fún ẹni tó ń kú lọ. Gbogbo ìgbà tí o bá pè, n ó dáhùn, n ó pa fóònù, n ó sì lọ jókòó sẹ́yìn òkìtì ẹyìn kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà rí ojú mi. O wá pè é ní àwọ̀ ewé.

Judith já ìlérí mi. Ó fi mí hàn bí òpùrọ́ lójú ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní. O wá fẹ́ kí n tẹríba fún un níwájú ìjọ tó fi mí joyè ní oṣù méjì sẹ́yìn.

Fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Adésànyà. Yóò tún rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ ọ́n rín. Ọjọ́ tí o bá fi ránṣẹ́ ni kí o mọ̀ pé o kò ní bàbá ní Igbodigo mọ́.

B. Oyèbámijí.


Hamilton,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹwàá, 2024.

Aba mi,

Mo kúnlẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ti kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni ẹ fi gbé ọ̀rọ̀ Ìye pamọ́ sínú. Ẹ jẹ́ kí n máa kórìíra yín fún ohun tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Lẹ́yìn ìsìnkú, kí ló dí yín lọ́wọ́ láti sọ ọ́? Ìgbéraga ni. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo jogún rẹ̀, mo sì fẹ́ fi tèmi hàn yín báyìí.

Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun. Ọ̀nà méjì ni ọmọ lè gbà bi òbí léèrè nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ni kí a kọ́ ọmọ ní orúkọ òbí, kí ó máa pè é. Ọ̀kan ni kí ọmọ má dárúkọ rárá, kí ó kàn sọ pé "òbí mi", kí ó wo ẹni tó wà lókè òun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohun yòówù kí ó máa jẹ́. Ọ̀nà kejì ló dára. Bí orúkọ bá yí ní ìgbà ogún, ọmọ yóò ṣì rí òbí rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni mo ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ níṣẹ́ wa. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lo ti àkọ́kọ́, n ó bá a wí.

Mo mọ̀ ọ́n, mo sì lo ti àkọ́kọ́ nílé ìfúnpo yín. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé lọ́dún tó kọjá, tí mo ní kí ẹ mú mi lọ síbi ojú oórì Ìye, tí ẹ ní ó di ọ̀la nítorí ẹyìn ń bọ̀ láti oko? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Mo tẹ "Benedict". Ó dùn mọ́ mi lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ fún táǹkì kìíní, mo kọ ọ́ fún ìkejì, mo kọ ọ́ fún ìkẹta, mo kọ ọ́ fún ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè la ẹnu pè yín bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ kò ṣìnà nígbà tí ẹ ní àrífín ni. Àrífín ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Nítorí náà ọwọ́ méjì ló jó Judith, ọwọ́ tó so okùn náà síbi tí kò yẹ àti ọwọ́ tó fà á. Mo ti sọ tèmi fún un. Mo pè é lánàá, mo sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ bu omi mu. Kò pè mí padà títí di ìsinsìnyí.

Mo ti tún ẹ̀rọ náà ṣe láti ibí. "Òbí mi" ni gbogbo wọn ń sọ báyìí. Ẹ lè máa jẹ́ Bàbá Ìjọ, ẹ lè máa jẹ́ Kábíyèsí, wọn yóò rí yín. Mo sì fi ohun kan kún un tó yẹ kó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí ọmọ bá béèrè tí òbí kò dáhùn, kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ewé hàn mọ́. Yóò pa iná, yóò sì máa ké títí ẹnìkan yóò fi wá.

N kò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí Bàbá Adésànyà. Mo halẹ̀ mọ́ yín, kò yẹ, mo gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ti jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀. Obìnrin kan yóò dúró níwájú ìjọ ní ọjọ́ mẹ́jọ sí i nítorí ohun tí èmi àti ẹ̀yin ṣe. Èmi ti jẹ́wọ́. Ó ku ẹ̀yin.

Ìyádùnní.


Igbodigo,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹwàá, 2024.

Ìyádùnní,

Mo kí ọ.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi ní Ọjọ́bọ̀. N kò fún un ní máàkì. Ibi tí o ti kọ pé ó dùn mọ́ ọ lọ́wọ́, mo kà á ní ìgbà mẹ́ta, inú bí mi ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò tíì dárí rẹ̀ jì ọ́. Má bẹ̀ mí lórí rẹ̀.

Ìkórè kún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu bo iwájú pẹpẹ, kẹ́ẹ̀gì epo tèmi sì wà láàárín wọn, epo ọjọ́ tí Judith jóná gan-an ni, èyí tó ṣẹ́kù nínú táǹkì kẹta. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e wá, kí n tó ronú. Wọ́n pe Judith jáde. Ó wọ sùtánà rẹ̀, apá ọ̀tún wà nínú báńdéèjì, ẹnìkan ti bá a gé ọwọ́ aṣọ náà kí ó lè wọ̀ ọ́. Kò sunkún. Èmi ló ń wò. Ó lè sọ ohun tí o ti sọ fún un, Ìyádùnní. Ó ti mọ̀ pé èmi ni. Ó lè pariwo rẹ̀ níbẹ̀. Ó kàn ń wò mí.

Adésànyà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn. Mo dìde. Mo ní, "Adésànyà, dúró." Ó ní, "Bàbá Ìjọ, ẹ jókòó, ó ku díẹ̀." Mo ní kò ku nǹkan kan. Mo ní èmi ni mo yí orúkọ nínú ẹ̀rọ, mo yí i nítorí pé ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, epo sì ti ibẹ̀ jó obìnrin yìí, mo mọ̀ ọ́n fún oṣù kan, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù ú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti ní kí n lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́ta. Oyè ti lọ. Àgbò àwọn ará Àyèká nìkan ló kù, ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ mi.

Lánàá, ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Judith ní Ode-Irele. Kò fún mi ní àga. Mo dúró, mo bẹ̀ ẹ́ kó padà síṣẹ́, mo sì sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nípa ìlérí tí ó já. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Aba, Ìye ló rán mi." Ó ní ní ọjọ́ tó tẹ̀lé èyí tí Salome di ọwọ́ mi mú, ó di ọwọ́ òun náà mú, ó ní, "Bàbá Ìyádùnní kò ní lè sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti sin mí, ìwọ ni kí o pe ọmọ mi." Judith rò pé mo mọ̀. Èmi rò pé ó dà mí. Ọdún mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo ló rán àwa méjèèjì níṣẹ́, a sì jẹ́ iṣẹ́ náà bó ti rán wa.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, láìsí àga.

Ó gbà láti padà, ṣùgbọ́n ó ní òun náà gbọ́dọ̀ ní pásíwọ̀ọ̀dù òbí, kí ẹnikẹ́ni má tún yí nǹkan kan lẹ́yìn òun. Mo gbà. N kò fẹ́ gbà, mo gbà. Ṣe é fún un lónìí.

Ní àárọ̀ yìí ó fi ọwọ́ òsì tan kọ̀ǹpútà. Ó ní "Bàbá Ìjọ" ṣì wà lókè, pé n kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, kí ni kí òun kọ síbẹ̀? Mo ní kó sún. Mo jókòó, mo sì tẹ "Salome" fúnra mi. Ó pẹ́ díẹ̀, torí ìka mi. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ yóò ti fi hàn ọ́ kí lẹ́tà yìí tó dé.

A dáná. Mo dúró ti táǹkì kẹta, ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tí epo kan àádọ́rùn-ún, fèrè ké, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ná pa ara rẹ̀, táǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọn kò dárúkọ rẹ̀. Wọ́n kàn bi òbí wọn léèrè, ó sì dá wọn lóhùn. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, àní nígbà tí ilẹ̀ ti bò ó.

Bí o bá ń bọ̀ wálé, ọjọ́ tí o bá dé ni a ó lọ síbi ojú oórì, kí ẹyìn máa bọ̀ láti oko bó bá fẹ́. Inú ṣì ń bí mi.

Bàbá rẹ,
Benedict.